Aṣọ Tí Kò Ní Igun

Kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tún dákẹ́ lókè.

Alágbàfọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí ìbòmú tó ń lọ̀, ó gbójú sókè àjà, ó di èémí mú. Ọwọ́ rẹ̀ kan ti ń wá igi ìgbálẹ̀ kiri kí ìró náà tó tún bẹ̀rẹ̀: kàrà-kàrà-kàrà, ìdákẹ́ ráńpẹ́, kàrà-kàrà. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà," ló sọ fún áyọ́ọ̀nù náà. Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde kónílé-ó-gbélé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn, òun àti áyọ́ọ̀nù nìkan ló kù nínú yàrá. Áyọ́ọ̀nù dáa lọ́rẹ̀ẹ́. Ara rẹ̀ gbóná, ṣùgbọ́n kì í ṣòfófó.

Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tó ń ránṣọ lókè yẹn. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ sì mú. Nígbà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, àwọn oníbàárà a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé atẹ́gùn máa gbé e lọ lọ́jọ́ kan. A sì dá wọn lóhùn pé, "Ẹ gbé mi mì wò! Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Ẹ̀rín a sọ títí dé òpópónà.

Ìfẹ́ ló mú Fótò wá sínú ayé rẹ̀. Ayàwòrán ni Fótò, ìgbéyàwó ló sì ń yà jù. Níbi ìgbéyàwó kan tí Abẹ́rẹ́ rán aṣọ ìyàwó, ó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń tún etí aṣọ náà ṣe, ó fi eyín di òwú mú. Fótò fi ìyàwó sílẹ̀, ó yí ẹ̀rọ ìyàwòrán rẹ̀ sí aránṣọ.

"Rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i," ló wí, ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí oyin. "Ẹni tó ń ṣe ẹlòmíràn lẹ́wà, ta ló ń wo ẹwà tirẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abẹ́rẹ́ lára ṣinṣin. Kí ọdún náà tó yí po, wọ́n ti di tọkọtaya. Àwòrán yẹn ṣì wà lára ògiri wọn lókè: ọmọbìnrin kan lórí ìkúnlẹ̀, òwú lẹ́nu, ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tan iná sí nínú. Gbogbo ìgbà tí Alágbàfọ̀ bá gbé aṣọ gòkè lọ fún wọn láyé ìjọ́sí, ó máa ń dúró wò ó, á sì gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ọkùnrin kan wo òun náà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àrùn dé, ìgbéyàwó tán nílẹ̀. Fótò fi ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́ sára ìṣó, ó jókòó sí ìdojúkọ ìyàwó rẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ ní tirẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ilé ìwòsàn gbé aṣọ fún un pé kó máa fi rán ìbòmú, ó sì pe Alágbàfọ̀ sí i, nítorí ta ló tún ń gbé kóòtù fún alágbàfọ̀ nígbà tí kò síbi tí wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ? Abẹ́rẹ́ ń rán an lókè, Alágbàfọ̀ ń fi rọ́bà etí sí i nísàlẹ̀, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń dì í. Fótò ní kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá òun, pé àrùn wà níta. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé apẹ̀rẹ̀ kan ń gba ojú fèrèsé sọ̀kalẹ̀ lórí okùn, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni ń pọn omi.

Ṣùgbọ́n àrùn nìkan kọ́ ló wà nínú ilé náà. Alágbàfọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ta lò ń rẹ́rìn-ín sí lójú fèrèsé?"

"Apẹ̀rẹ̀ ni mo sọ̀ kalẹ̀ o, ọkọ mi."

"Mo ní ta lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ìró kan tẹ̀ lé e, ìró bí ìgbà tí wọ́n bá fi agbára gbọn aṣọ tútù. Alágbàfọ̀ ti gbọn aṣọ tútù láti kékeré, ó sì mọ̀ pé kò sí aṣọ tútù kankan ní yàrá yẹn.

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ tún sọ̀kalẹ̀, Alágbàfọ̀ yọrí síta. Abẹ́rẹ́ wà lójú fèrèsé lókè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan wú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe yín lójú?"

"Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ló gbá mi."

"Kọ́bọ́ọ̀dù yín mà níka o."

Ẹ̀rín bọ́ mọ́ Abẹ́rẹ́ lẹ́nu, kíá ló sì fọwọ́ bo ètè tó ń dùn ún. Ó wẹ̀yìn, ó tẹrí sílẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń sọ òwú kalẹ̀.

"Àbúrò mi, máa gbọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Tó bá ti ń dún, mo wà. Tó bá dákẹ́ pẹ́, má dúró gbọ́ àlàyé lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Wá."

"Ẹ kúkú máa bọ̀ báyìí!"

"Ibo ni mo fẹ́ lọ? Ọlọ́pàá wà ní oríta, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì. Ọkọ mi sì tún máa ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀, àbúrò mi. Tó bá ń sunkún, ó máa ń jọ ẹni tí mo fẹ́ gan-an."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn Alágbàfọ̀ kò ti jókòó mọ́. Ó ń jẹun, etí rẹ̀ wà lókè. Ó ń wẹ̀, ó ń dá omi dúró kó lè gbọ́. Bí kẹ̀kẹ́ bá dákẹ́ jù, á fi igi ìgbálẹ̀ kan àjà. Abẹ́rẹ́ a fi fìlà ìka rẹ̀, irin kékeré tí àwọn aránṣọ máa ń fi bo ìka kí abẹ́rẹ́ má baà gún wọn, kan ilẹ̀ láti fi dá a lóhùn: kọ́-kọ́.

Ó lọ bá Ìyá Onílé. Ìbòmú méjì ni ìyá àgbà náà máa ń wọ̀ lórí ara wọn, ìdì kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá a sì máa ró ní ìdí rẹ̀ bí ṣaworo ọmọdé.

"Ọ̀rọ̀ tọkọtaya?" ni Ìyá Onílé wí. "Ọmọ mi, má kira bọ̀ ọ́. Tí o bá là wọ́n tán, wọ́n á jọ sùn, ìwọ lo máa wá dọ̀tá. Kónílé-ó-gbélé ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Tí ọkùnrin bá jókòó sílé pẹ́, á máa kan."

"Ìyá, tó bá pa á ńkọ́?"

"Ẹnu rẹ kọ́! Ṣebí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mò ń gbọ́ látàárọ̀ yìí? Ẹni tó ń ránṣọ ò kú."

Ẹnìkan péré ló tún ń wá sẹ́nu géètì wọn: awakọ̀ ilé ìwòsàn tó máa ń wá kó ìbòmú lọ́sàn-án. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni. A dúró lókèèrè, a fi ọwọ́ sí àyà kí Alágbàfọ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló hàn lókè ìbòmú, ó sì jẹ́ ojú tó ń fara balẹ̀ wo èèyàn.

"Ojú yín nìkan ni mo mọ̀," ló wí lọ́jọ́ kan. "Tí mo bá pàdé ẹnu yín lọ́nà, mi ò ní lè kí i."

"Kò burú. Òun náà ò ní kí yín."

Awakọ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ká wọnú. Àyà Alágbàfọ̀ lù kìkì. Ó sáré wọlé, ó sì bínú sí àyà náà. Ṣé kì í ṣe irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni Fótò náà gbé wá?

Fótò kúkú kì í ṣe òmùgọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun ló yọrí lójú fèrèsé dípò ìyàwó rẹ̀.

"Àbúrò ìyàwó mi! Ṣé eku ló wà nínú àjà yín ni, tí ẹ fi ń kàn án ṣáá?"

"Ó lè jẹ́ eku, Bọ̀dá Fótò."

"Àbí kẹ̀kẹ́ ìyàwó mi lẹ ń ṣọ́? Tó bá dún, ẹ ò kàn. Tó bá dákẹ́, ẹ kàn." Ó gbé orí lé etí fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ọn. "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. Ẹ ṣáà ń wò mí bí ọlọ́pàá."

Kò pẹ́ sí i tí ọjọ́ náà fi dé.

Òwúrọ̀ ni. Alágbàfọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti rọ́bà bọ etí ìbòmú nígbà tó gbọ́ ohùn Fótò, tó gbọ́ "má ṣe bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́" lẹ́nu Abẹ́rẹ́, tó gbọ́ gbì! Ohun kan wọ́ nílẹ̀. Ilẹ̀kùn kan pa dé. Lẹ́yìn náà, ilé náà dákẹ́ bí omi inú kànga.

Ó gbé igi ìgbálẹ̀. Kó tó kan àjà, kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kàrà-kàrà-kàrà-kàrà.

"A dúpẹ́ o," ló wí. Ó jókòó sórí ìdì aṣọ. "Ó ti parí. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sídìí iṣẹ́."

Ó gbé áyọ́ọ̀nù. Ó gbé e sílẹ̀. Ó bu omi, kò mu ún. Ó lọ sójú fèrèsé, ó wo òkè. Okùn ò sí níbẹ̀, apẹ̀rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó padà wá jókòó, ó tún dìde. Kí ló wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn? Ṣebí àdéhùn ni pé tí kẹ̀kẹ́ bá ń dún, ó wà? Kẹ̀kẹ́ náà ń dún. Kàrà-kàrà-kàrà-kàrà-kàrà, ó ń lọ, ó ń lọ, ó ń lọ.

Ó ń lọ jù.

Alágbàfọ̀ mú ìbòmú kan, ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́. Aṣọ kékeré, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ náà lọ. Ó fi ìka tọ ojú ìránṣọ náà. Ìka rẹ̀ rìn díẹ̀, ó dé igun, ó ní láti dúró kó tó yí. Ó rìn díẹ̀, ó dé igun mìíràn. Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ Abẹ́rẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ látìgbà tí iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀: díẹ̀, dúró, díẹ̀, dúró. Ẹni tó wà lókè yìí kò dúró rí. Kò gé òwú. Kò pààrọ̀ aṣọ. Aṣọ wo ló ń rán tó gùn tó bẹ́ẹ̀? Ta ní ń rán aṣọ tí kò ní igun?

Ó tẹ́tí sí ẹsẹ̀ náà. Ó wúwo. Ẹsẹ̀ Abẹ́rẹ́ máa ń fò lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹyẹ lórí ẹ̀ka.

Òórùn aṣọ tó ń jó ló ta á jí. Áyọ́ọ̀nù ti jó ìbòmú kan dúdú. Ó fa wáyà rẹ̀ yọ, ó sì sáré jáde láìwọ bàtà.

"Ìyá! Ìyá Onílé! Òun kọ́ ló ń tẹ kẹ̀kẹ́ yẹn!"

"Ta ni kì í ṣe òun? Wọ ìbòmú rẹ, jọ̀ọ́."

"Fótò ló ń tẹ̀ ẹ́! Ó ń tẹ̀ ẹ́ kí n lè máa gbọ́ ọ. Ẹ gbọ́, ìyá. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ṣé ó dúró?"

Ìyá Onílé gbé orí sókè. Ìdì kọ́kọ́rọ́ tó ń ró ní ìdí rẹ̀ dákẹ́, nítorí pé ó ti fọwọ́ dì í mú.

"Kò dúró," ló wí jẹ́jẹ́. "Èmi náà ránṣọ nígbà èwe mi. Kò dúró. Jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gun àtẹ̀gùn. Ìyá Onílé kan ilẹ̀kùn, kẹ̀kẹ́ sì dákẹ́ wẹ́lo. Ẹsẹ̀ wúwo rìn wá. Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀, ojú Fótò yọ. Òógùn bò ó níwájú orí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ìyá wa, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ìyàwó rẹ dà?"

"Ó wà nídìí iṣẹ́. Ṣé ẹ ò gbọ́ kẹ̀kẹ́ ni? Mo ní kó sinmi, ó kọ̀. Ẹ ṣáà mọ Abẹ́rẹ́, orí kunkun."

Ohùn oyin náà ni. Alágbàfọ̀ rí i tí èjìká Ìyá Onílé ń rọ̀ bọ̀, bí èjìká gbogbo èèyàn ti máa ń rọ̀ níwájú Fótò. Ó bọ́ síwájú.

"Bọ̀dá Fótò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúrò níbi tí ẹ dúró sí yẹn."

"Kí ló dé?"

"Ẹ dúró ká máa rí yín. Ẹ wá ní kí ẹ̀gbọ́n mi tẹ kẹ̀kẹ́. Tí n bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, màá kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, màá sì sọ̀kalẹ̀ lọ."

Fótò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́ lójú rẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn.

"Abẹ́rẹ́!" ó pè, láìyí orí padà. "Wọ́n ní kí o tẹ kẹ̀kẹ́ o."

Wọ́n dúró. Eṣinṣin kan ń fò lójú àtẹ̀gùn. Kò sí nǹkan mìíràn tó dún.

"Ó jọ pé ó ti wọ ilé ìwẹ̀," ni Fótò wí.

"Lójú ẹsẹ̀ tí mo kanlẹ̀kùn?" ni Ìyá Onílé wí. "Ṣé ó fò ni?"

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ. Ó jìnnà, ó rọ̀, bí ìgbà tí òjò bá ń kán sórí páànù lẹ́yọ lẹ́yọ. Kọ́-kọ́-kọ́, ó dúró. Kọ́-kọ́, ó dúró. Kọ́-kọ́-kọ́, ó dúró. Kọ́-kọ́. Igun mẹ́rin. Ìbòmú kan pé.

"Ẹ̀gbọ́n mi!" ni Alágbàfọ̀ kígbe.

Fótò fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n Ìyá Onílé ti ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àárín.

"Tì í mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kí n rí i! Ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́, ìwọ ni wàá tì mí mọ́ta?"

Alágbàfọ̀ pariwo títí ilẹ̀kùn àwọn ayálégbé fi ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, tí orí ń yọ pẹ̀lú ìbòmú àti láìsí ìbòmú. Fótò wo ojú gbogbo wọn. Ọwọ́ rẹ̀ já kúrò lára ilẹ̀kùn.

Inú yàrá náà mọ́, kò dà bí ibi tí wọ́n ti jà. Àwòrán ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lára ògiri. Lábẹ́ abẹ́rẹ́ kẹ̀kẹ́, kò sí aṣọ kankan, òwú nìkan ló lọ́ jọ síbẹ̀ bí irun tí wọn ò yà. Ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ wà ní títì láti ìta, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Ìyá Onílé tú ìdì tirẹ̀, ó wá ekejì rí, ó ṣí i.

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù omi. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀, ó gbé e lé itan bí ọmọ tó ń ṣàìsàn. Fìlà ìka wà lórí ìka òsì. Ojú rẹ̀ kan ò ṣí mọ́, ó fi èkejì wo Alágbàfọ̀.

"Ẹ pẹ́," ló wí. "Mo rò pé ẹ ti gbà pé ó ti di aránṣọ."

"Kò mọ̀ ọ́n rán, ẹ̀gbọ́n mi." Omijé ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Alágbàfọ̀ wọnú ìbòmú rẹ̀. "Kò mọ̀ ọ́n rán rárá."

Fótò ti kúnlẹ̀ ní àárín yàrá, omijé ń dà lójú rẹ̀ pẹ̀lú. "Olólùfẹ́ mi, darí jì mí. Kónílé-ó-gbélé yìí ló yí mi lórí. Èmi kọ́ o. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi kọ́. Wò mí, wo ojú mi."

Abẹ́rẹ́ wò ó. Alágbàfọ̀ mọ irú ìwò yẹn. "Ó máa ń jọ ẹni tí mo fẹ́ gan-an," ni Abẹ́rẹ́ ti wí lójú fèrèsé.

"Ìjọba ti gbogbo ayé mọ́lé," ni Abẹ́rẹ́ wí nígbẹ̀yìn. "Ìwọ nìkan lo ti èmi mọ́ ilé ìwẹ̀, tó o wá jókòó tó o ń tẹ kẹ̀kẹ́ mi. O fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọkọ mi. Ẹni tí orí rẹ̀ yí kì í fara balẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ó na ọwọ́ òsì sí Alágbàfọ̀. "Gbé mi dìde. Kí ẹnìkan sì bá mi gbé kẹ̀kẹ́ mi sọ̀kalẹ̀."

"Àwòrán yìí ńkọ́?" ni ayálégbé kan bèèrè.

"Òun ló yà á. Ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Ìyá Onílé yọ orí sójú fèrèsé. "Ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ wa ní oríta pé ká má jáde, ẹ bá mi pè é wá! Kó wá wúlò lónìí!"

Ọlọ́pàá dé, ó mú Fótò lọ. Ọkọ̀ ilé ìwòsàn dé lásìkò tó máa ń dé. Nígbà tí Awakọ̀ rí wọn lẹ́nu géètì, kò bèèrè ìbòmú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì bèèrè lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ pé, "Ṣé kí n dì yín mú, àbí ẹ fẹ́ dá wọlé?" Abẹ́rẹ́ ní òun fẹ́ dá wọlé. Awakọ̀ dúró, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn, ó jẹ́ kó dá wọlé. Alágbàfọ̀ rí i. Ó fi sọ́kàn.

Nígbà tí apá náà jinná, kónílé-ó-gbélé ṣì wà níta. Yàrá Alágbàfọ̀ ti há: bẹ́ẹ̀dì méjì, áyọ́ọ̀nù kan, kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá fèrèsé. Kò sẹ́nìkan lókè mọ́, síbẹ̀ Alágbàfọ̀ ṣì ń gbé ojú sí àjà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ń lọ aṣọ, etí rẹ̀ ò sinmi. Awakọ̀ ti bèèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé òun lè máa pè é lórí fóònù. Ó ní òun ṣì ń rò ó, Awakọ̀ sì ní kó rò ó dáadáa, ó kí i pé ó dàbọ̀, ó sì lọ gẹ́gẹ́ bó ti wí.

Kàrà-kàrà-kàrà. Kẹ̀kẹ́ dákẹ́.

Alágbàfọ̀ ju áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, ó ti fò dìde kó tó mọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi!"

Abẹ́rẹ́ kò gbé orí sókè. Ó fi ìka méjì mú etí ìbòmú náà, ó rọra ń yí i lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Igun ni, àbúrò mi," ló wí. "Jókòó. Igun ni mò ń yí."